Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Alátọ́bò Nínú Jíìpù Àtijọ́: Ẹrù Ni Ká Wò, Kì í Ṣe Owó Epo

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la ní lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọkọ̀ tí èèyàn ń fi lọ sóde ìgbéyàwó. Jíìpù àtijọ́ ni: Land Rover onígun mẹ́rin tó ń gbé kòkó jáde nínú oko láyé àwọn bàbá wa, àti Land Cruiser òun Patrol tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé àtijọ́ àti ọgbà àwọn mẹkáníìkì ká, ẹ ó bá díẹ̀ nínú wọn níbẹ̀, tí koríko ti bò wọ́n dé ìlẹ̀kùn. Ara Land Rover kì í sábà jẹ, torí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1948, irin ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun Hitler. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú rẹ̀ ló máa ń kú, tàbí kó máa mu epo débi tí olówó rẹ̀ fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà bẹntiróòlù kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó sì gba ibẹ̀ dé ₦1,000 lọ́dún 2024, ìbéèrè kan ti gbilẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí: ṣé kò ní í dáa ká yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù yìí dànù, ká gbé dísẹ́ẹ̀lì alátọ́bò sí i?

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó dáa fún àwọn kan, kò sì dáa rárá fún àwọn mìíràn, àti pé owó epo tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn béèrè ìbéèrè náà kọ́ ló yẹ kó dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú ara wa. Land Rover Series III oníbẹntiróòlù tó wà déédéé máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 6 lórí lítà kan. Bí wọ́n bá gbé dísẹ́ẹ̀lì alátọ́bò tó dáa sí i, ó lè sún mọ́ kìlómítà 10. Ká ní lítà méjèèjì jẹ́ ₦1,000, kó lè rọrùn. Ọkọ̀ tó ń rin kìlómítà 15,000 lọ́dún yóò mu lítà 2,500 bẹntiróòlù, tàbí 1,500 dísẹ́ẹ̀lì. Mílíọ̀nù náírà kan ti ṣẹ́kù sápò lọ́dún kan. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pé ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń jáde, tí kìlómítà tó ń rìn lọ́dún kò ju 3,000 lọ, ₦200,000 péré ló máa ṣẹ́kù fún un. Iye yẹn kò lè san owó iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe fún ọkọ̀ náà láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ sì tún wò ó pé dísẹ́ẹ̀lì kì í sábà bá bẹntiróòlù dọ́gba lówó. Nínú ìṣirò tiwa yìí, bí bẹntiróòlù bá jẹ́ ₦1,000, gbàrà tí dísẹ́ẹ̀lì bá ti kọjá nǹkan bíi ₦1,660, èrè ti di òfo. Lọ́dún 2022 tí ogun Ukraine gbé owó epo sókè, lítà dísẹ́ẹ̀lì kọjá ₦700 nígbà tí bẹntiróòlù kò tíì tó ₦200 lórí ìwé. Ẹni tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́dún yẹn nítorí owó epo, ó fowó ra gbèsè ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, ilé ìfọpo Dangote já dísẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ láti ₦1,200 sí ₦1,000. Owó epo a máa lọ sókè, a máa wá sílẹ̀, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé bó ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀ nìyí. Ohun tí kì í yí ni ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé àti ọ̀nà tó ń gbà.

Ọ̀nà ọ̀hún, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kúrò lórí títì ọlọ́dà, kọrí sí àwọn abà Ifẹ̀ tó wà lápá Gáréèjì Ọlọ́dẹ, Méfòwórádé tàbí Omífúnfún, ilẹ̀ pupa ló máa kí ọ káàbọ̀. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ yẹn máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ìgbà tí òjò ń kógbá wọlé yẹn gan-an sì ni kòkó ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń sá a. Àpò kòkó 16 ló ń ṣe tọ́ọ̀nù kan. Land Rover gígùn tí wọ́n ń pè ní 109 sì lè gbé ohun tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò kó máa sáré. Ohun tó nílò ni kí táyà máa yí lọ́ra-lọ́ra nínú ẹrẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì má kú, kí awakọ̀ má sì máa tẹ̀ ẹ́ débi tí táyà yóò fi máa yí lójú kan tó sì máa rì. Agbára ìfà nìyẹn, ó sì yàtọ̀ sí agbára ìsáré. Land Rover ti ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì láti ọdún 1957. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, oní lítà méjì àti ìdámẹ́rin tó jáde lọ́dún 1961, agbára ẹṣin 62 péré ló ní, agbára ìfà rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 140 Nm. Ó le koko, ṣùgbọ́n ó lọ́ra débi pé bí ó bá kó ẹrù, tó dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lè bá a. Ẹ́ńjìnnì 200Tdi tí iléeṣẹ́ kan náà gbé jáde nínú Discovery lọ́dún 1989, tó sì wọ Defender lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lítà méjì ààbọ̀ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ agbára ẹṣin 107 ló ní nínú Defender, agbára ìfà rẹ̀ sì jẹ́ 255 Nm, kò sì ní kó o tẹ̀ ẹ́ kọjá ìyípo 1,800 láàárín ìṣẹ́jú kan kó tó kó gbogbo rẹ̀ fún ọ.

Tọ́bò ló mú ìyàtọ̀ yẹn wá, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe yí ọ̀nà tí epo ń gbà wọnú sílíńdà padà. Alfred Büchi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Switzerland, ló gba ìwé àṣẹ ìmọ̀ yìí lọ́dún 1905, ọdún mẹ́jọ péré lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì Rudolf Diesel ṣiṣẹ́ dáadáa ní Augsburg nílẹ̀ Jámánì. Èéfín gbígbóná tó yẹ kó gba sàlẹ́ńsà jáde lásán ló ń yí kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan. Kẹ̀kẹ́ kejì wà lórí ọ̀pá kan náà, òun ló ń rọ́ atẹ́gùn wọnú ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá ti pọ̀ sí i, epo tó lè jó tán pọ̀ sí i, agbára sì pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì tóbi. Ọ̀pá yẹn ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì lásán ló sì lé sí. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì dídọ̀tí, tàbí pípa tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì lójijì lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé, fi máa ń ba tọ́bò jẹ́ kíákíá. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lórí ìdúró kí èèyàn tó pa á, ó tó láti mú un pẹ́ lọ́dún púpọ̀.

Èwo wá ni ká gbé sí i? Níbí yìí ni èmi àti ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti máa ń ní èrò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n máa ń fẹ́ èyí tó tuntun jù, irú D-4D Toyota àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, torí agbára rẹ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ kéré, kì í sì í mu epo púpọ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ yẹn. Ṣùgbọ́n nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ìtẹ̀ epo máa ń kọjá 1,300 bar, àlàfo inú nọ́sù rẹ̀ sì kéré débi pé ojú kò lè rí i. Ẹ̀kán omi díẹ̀ tàbí yanrìn tín-ín-rín inú kẹ́ẹ̀gì ti tó láti bà á jẹ́. Àtijọ́ tó ń lo pọ́ǹpù lásán, nọ́sù rẹ̀ máa ń ṣí ní nǹkan bíi 200 sí 300 bar. Ó lè fara da ohun tí tuntun kò lè fara dà, ẹni tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ní Ìbàdàn sì lè tú u palẹ̀ kó tún un tò láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ rántí irú epo tó wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 2016, àjọ Public Eye ní Switzerland yẹ epo wò lórílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́jọ, Benin ará ilé wa wà lára wọn. Imí-ọjọ́ tí wọ́n bá nínú dísẹ́ẹ̀lì kan ní Mali fi ìlọ́po 378 ju ohun tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù gbà láàyè lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire pàdé ní Àbújá, wọ́n sì fẹnu kò pé dísẹ́ẹ̀lì tí imí-ọjọ́ rẹ̀ ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù kò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́. Àdéhùn lórí ìwé jẹ́ ọ̀tọ̀, ohun tó wà nínú àgbá ẹni tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà jẹ́ ọ̀tọ̀. Imí-ọjọ́ máa ń sọ ọ́ìlì di olómi-kíkan, nítorí náà ẹni tó bá ń lo dísẹ́ẹ̀lì níbí, kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ṣáájú àkókò tí ìwé Yúróòpù sọ, kó sì fi fílítà tó ń ya omi sọ́tọ̀ sí ojú ọ̀nà epo. 200Tdi àti 300Tdi ti Land Rover, 4JB1-T oní lítà 2.8 ti Isuzu, àti 1HD-T ti Land Cruiser tó jáde lọ́dún 1990: irú wọn ni mo ń sọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àbùkù tirẹ̀. Bẹ́líìtì inú Tdi gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun kó tó wọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ti Isuzu ń lo irin eléyín dípò bẹ́líìtì, ìyẹn sì ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ oko. 1HD-T àkọ́kọ́ ní ìṣòro bẹ́rìn inú kiráńkì. Ti 1KZ tó wà nínú Prado àti 4Runner, bó bá gbóná jù lẹ́ẹ̀kan péré, orí rẹ̀ lè là.

Ní Ladipo ní Mushin tàbí ní Gate n'Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ ti ń ra irú ẹ́ńjìnnì yìí, tòkunbọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, ibi yòówù kó ti wá. Wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ jọ, wọ́n fi bẹntiróòlù nù wọ́n kí wọ́n lè máa dán. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ́ńjìnnì tó dán lóde lè ti gbóná rí, kí orí rẹ̀ ti tẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá gbà, ẹ ní kó tan án lórí ilẹ̀ pẹ̀lú bátìrì àti kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí, ẹ wò bóyá èéfín ń fẹ́ jáde níbẹ̀ bí ẹni ń fín iná. Bó bá ń fẹ́ gan-an, ríǹgì písítìnì rẹ̀ ti jẹ nìyẹn. Ẹ fi ìka méjì di ọ̀pá inú tọ́bò mú, ẹ mì í: bí ó bá ń mì díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kò burú, bí ó bá ń wọlé ń jáde, tàbí tí abẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń gbá ara ilé rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá ó bá gbogbo ohun tó yí i ká wá: pọ́ǹpù, ọ́ìlì kúlà, síìtì, fíláwíìlì, waya, ìkòkò atẹ́gùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń burú sí nìyí, torí pé ẹni tó bá ra ẹ́ńjìnnì níhòòhò yóò máa wá àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń tà á yóò sì máa pọ̀n ọ́n lówó, torí ó mọ̀ pé kò sí ibòmíràn tí yóò rí i.

Ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Lójú tèmi, kò tó ìdajì. Ẹ mú 200Tdi wọ Series III, tó jẹ́ ìpààrọ̀ tó rọrùn jù nínú gbogbo wọn torí pé ara kan náà ni wọ́n ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá tún àwọn bóòtì díẹ̀ ṣe, yóò wọlé sórí gíà àtijọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó wá láti inú Discovery, tọ́bò rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń gbá ṣásí. Èyí tó wá láti inú Defender, tirẹ̀ wà lókè, kò ní ìṣòro yẹn. Rédíétọ̀ àti kúlà tó ń tu atẹ́gùn tọ́bò lára tóbi ju àyè tó wà níwájú Series lọ, a ní láti gé irin iwájú. Táńkì bẹntiróòlù ni kí wọ́n yọ sílẹ̀ kí wọ́n fọ̀ ọ́, torí dísẹ́ẹ̀lì máa ń gbé ẹrẹ̀ àtijọ́ wọnú fílítà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó sì tún nílò ọ̀nà kejì tí epo tó ṣẹ́kù lẹ́nu nọ́sù yóò gbà padà sínú táńkì. Ìpánà rẹ̀ náà yàtọ̀: iná pọ́lọ́ọ̀gì ni bẹntiróòlù fi ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ padà, ó kú; dísẹ́ẹ̀lì kò ní iná pọ́lọ́ọ̀gì, ohun tó ń dá epo dúró lórí pọ́ǹpù ni riwáyà gbọ́dọ̀ so mọ́ kọ́kọ́rọ́. Bátìrì gbọ́dọ̀ tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé fífún atẹ́gùn inú dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ le ju ti bẹntiróòlù lọ; àwọn ẹ́ńjìnnì Japan kan sì ń lo 24 fólítì, èyí tí kò bá ara ọkọ̀ oní 12 mu.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bíréèkì, mo sì fẹ́ kí ẹ fi etí sí i dáadáa. Nínú ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ní ìrànlọ́wọ́ bíréèkì, fífa tí ẹ́ńjìnnì ń fa atẹ́gùn gba inú kábúrétọ̀ ló ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní ohun tó ń dí atẹ́gùn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kì í fa ohunkóhun. Bí wọ́n bá so ìkòkò bíréèkì mọ́ ọn bó ṣe wà, bíréèkì á le bí òkúta lójú ẹsẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ náà ti lágbára ju tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wúwo sí i níwájú. Pọ́ǹpù kékeré kan tó ń fa atẹ́gùn, tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń bá wá, ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jà torí wọ́n rò pé ohun tí kò wúlò ni. Bí ọkọ̀ bá ti ṣetán, kí awakọ̀ tó gbé e jáde, kó tẹ bíréèkì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti kú títí tó fi le, kó wá tan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, pọ́ǹpù náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rọ̀, ẹ má gbé e lọ síbì kankan.

Àwọn tó mọ̀ nípa Land Rover máa ń sọ pé tọ́bò yóò fọ́ gíà. Wọn ò parọ́. Gíà Series kò gbọ́ irú agbára 255 Nm rí, háfù ṣáfù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti máa ń ṣẹ́ láti ìgbà bẹntiróòlù. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fọ́ gíà gan-an ni bí awakọ̀ ṣe ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, pàápàá nígbà tí táyà kan ti rì, tó tún ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń lo agbára tuntun yìí láti gun òkè lórí gíà kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífẹ́lẹ́ yóò máa lo gíà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn mìíràn a tiẹ̀ yọ tọ́bò kúrò lára 200Tdi pátápátá. Ó ṣì lágbára ju dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ lọ, gíà sì máa ń pẹ́. Fún ẹni tó jẹ́ pé oko ni gbogbo ìrìn rẹ̀, mi ò rí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ dífíréńṣíà sún mọ́ ọn. Ti Series máa ń yí ìgbà 4.7 fún ìyípo táyà kan, dísẹ́ẹ̀lì kì í sì í yí kọjá nǹkan bíi 4,000 sí 4,500 ní ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ náà yóò máa pariwo lórí títì Ìbàdàn. Àwọn tó ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́ a máa pààrọ̀ rẹ̀ sí ti Range Rover tó jẹ́ 3.54. Ẹni tó ń lọ sí Méfòwórádé, kó fi tirẹ̀ sílẹ̀, torí pé gíà kúkúrú yẹn gan-an ló ń gbé kòkó rẹ̀ jáde.

Ẹnìkan lè ní, kí ló dé tí ẹ ò kàn ra Hilux? Bí owó bá wà, ẹ rà á. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n Hilux dísẹ́ẹ̀lì tó dáa, owó rẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ tí a kà sílẹ̀ yìí lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ oníkọ̀ǹpútà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé kẹ́ẹ̀gì epo wa lè pa. Ẹlòmíràn lè ní gáàsì CNG tí ìjọba ń polongo láti ọdún 2023 dára jù: kò ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì, owó rẹ̀ sì kéré. Fún takisí tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú ńlá, mo gbà pátápátá. Ṣùgbọ́n sílíńdà tó ń gba ìtẹ̀ 200 bar wúwo, ó sì gba àyè ẹrù. Ibi tí wọ́n ti ń fi gáàsì kún un sì ṣì wà ní ìlú, kò dé abà. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tó ń lo gáàsì tún máa ń pàdánù agbára díẹ̀, ọkọ̀ oko kò sì ní èyí tí yóò pàdánù. Kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn ọkọ̀ ni ilé epo àwọn ará abà.

Àtakò kan wà tí mi ò lè já sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni ti èéfín. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ sọ gbangba pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn mẹkáníìkì kan lọ́dọ̀ wa ti sọ ọ́ di àṣà láti máa yí skúrù orí pọ́ǹpù kí epo lè pọ̀ sí i, kí ọkọ̀ lè máa tu èéfín dúdú bí ó bá ń gun òkè. Wọ́n ní agbára nìyẹn. Èéfín dúdú kì í ṣe agbára rárá. Epo tí atẹ́gùn kò tó láti jó ni, ó ń mú orí písítìnì gbóná, ó ń fi èédú dí tọ́bò, ó sì ń wọnú ọ̀fun ẹni tó ń tà níwájú ṣọ́ọ̀bù ní Lágéèrè n'Ílé-Ifẹ̀. Tọ́bò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa gan-an ló ń dín in kù, torí atẹ́gùn tó ń rọ́ wọlé. Ẹ́ńjìnnì tí pọ́ǹpù rẹ̀ wà bí ilé iṣẹ́ ṣe fi í sílẹ̀, tí fílítà atẹ́gùn rẹ̀ kò dí lásìkò ọyẹ́ tí eruku ń dà, kò yẹ kó tu èéfín tó ju ìwọ̀nba lọ. Bó bá ń tú u, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ tirẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ kọ iye ẹ̀rọ náà sórí ìwé, kó wá kọ gbogbo ohun tó kù sábẹ́ rẹ̀: rédíétọ̀, kúlà, síìtì, kílọ́ọ̀ṣì, bátìrì, waya, fílítà omi, pọ́ǹpù bíréèkì, owó wẹ́dà, owó riwáyà, ọ́ìlì. Bí àpapọ̀ àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò bá sún mọ́ iye ẹ́ńjìnnì, ó ti gbàgbé nǹkan kan. Kó sì yẹ ṣásí wò kó tó ná kọ́bọ̀. Alumíníọ̀mù orí kì í jẹ, ṣùgbọ́n irin ìsàlẹ̀ ń jẹ, pàápàá níbi tí ẹrẹ̀ ti máa ń gbé lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Bí hámà kékeré bá wọlé níbẹ̀, owó ṣásí ló yẹ kó máa wá. Lẹ́yìn náà ni ìwé. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ọlọ́pàá àti àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lójú títì sì máa ń wò ó. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára ẹ́ńjìnnì náà wà nínú rẹ̀ lẹ́tà dé lẹ́tà. Ẹ fi ojú ara yín ka nọ́ńbà náà lára irin kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lórí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ẹ, ẹ má rà á, bó ti wù kó dára tó. Kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lójú títì ni kí ẹ mú rìsíìtì náà lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, kí wọ́n lè kọ nọ́ńbà tuntun àti irú epo tó ń lò sínú ìwé náà.